Ọkọ̀ Ńlá Tí Eléyín Rà

Eyín ni iṣẹ́ rẹ̀, Eléyín sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, títí kan àwọn ọmọdé tí kò mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn. Kì í ṣe òun ló ń yọ eyín o. Dókítà ló ń yọ ọ́, nínú yàrá iwájú tó ní àga gígùn àti iná títàn. Yàrá ẹ̀yìn ni Eléyín wà, níbi tí fèrèsé kan ṣoṣo wà, tó ń fi ìda àti ẹfun pípò ṣe eyín tuntun fún àwọn tí tiwọn ti jáde. Ọdún kẹtàlélógún rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá wọlé tọ̀ ọ́, ẹ óò bá ẹnu méjìlá lórí pákó, wọn ò lójú, wọn ò nímú, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín sí yín. Eléyín nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ó lè fi ìka lásán mọ̀ pé eyín kan fi ìwọ̀n fọ́nrán irun ga ju èkejì lọ. Á ní, "Fọ́nrán irun kan péré. Bó bá fi ìyẹn ga, ẹni tó ni ín ò ní lè jẹ búrẹ́dì, inú á máa bí i sí ìyàwó ẹ̀, ilé á dàrú." Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Kì í ṣe aláìbìkítà. Ọkùnrin tó ń wọn nǹkan ni.

Èmi ni télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wọn. Ohun tí ojú mi kò bá rí nínú ọ̀rọ̀ yìí, etí mi gbọ́ ọ; ohun tí etí mi kò bá sì gbọ́, ìyá ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó gbé yèrì wá pé kí n bá òun tún un ṣe, yèrì tí nǹkan kan ò ṣe.

Ìyàwó Eléyín jẹ́ akọ̀wé kóòtù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó jókòó síwájú adájọ́, kó máa kọ gbogbo ohun tí ẹnu bá sọ, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, láì fi tara rẹ̀ kún un. Obìnrin tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún, ẹ má bá a jiyàn nílé. Bí Eléyín bá ní, "Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀," Akọ̀wé á ní, "Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, lẹ́yìn tí ẹ jẹun tán, ẹ ní," á sì tún un sọ látòkè délẹ̀, títí kan ibi tí ọkọ rẹ̀ ti wúkọ́. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí. Àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, Má-fọwọ́-kàn-mí ni wọ́n ń pè é nínú ilé, torí ó kórìíra kí ara ẹnikẹ́ni kan tirẹ̀. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni Kíló-dé, torí ìbéèrè ló fi ń jí, òun náà ló sì fi ń sùn. Ẹnì karùn-ún wọn ni Màmá, ìyá Akọ̀wé, tó wá kí wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, onípákó, tí ẹ́ńjìnì bí orí ọmọdé wà lẹ́yìn rẹ̀. Àga mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo Sátidé tí oòrùn bá ti yọ ni wọ́n máa ń wọ̀ ọ́ ní èbúté tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n á gba abẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin kọjá, wọ́n á sì jáde sí adágún ńlá tó wà lódìkejì. Àwọn mẹ́rin á jókòó sórí àga, ẹnì karùn-ún á jókòó sórí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ yìí, wọ́n sì ń pè é ní ìgbádùn.

Òjò ló ba nǹkan jẹ́. Ní Sátidé kan, ó ká wọn mọ́ àárín adágún, tapólì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní. Àwọn márààrún kó sábẹ́ rẹ̀ bí ẹyin lábẹ́ adìyẹ. Ìgbọ̀nwọ́ Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà Eléyín, orúnkún Kíló-dé wà lẹ́yìn Màmá, Má-fọwọ́-kàn-mí sì há sáàárín ìyá rẹ̀ àti ẹ́ńjìnì, ó dijú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́.

Màmá ní, "Àna mi, ṣé ìwọ lò ń mí sí mi lọ́rùn báyìí?"

"Ẹ máà bínú, Mà."

"Mí síbòmíràn."

Ó gbìyànjú. Kò síbòmíràn.

Kò pẹ́ tí Màmá ní òun fẹ́ tọ̀. Kíló-dé béèrè pé, "Níbo?" Gbogbo wọn ń wo omi tó ń bọ̀ látòkè àti èyí tó wà nísàlẹ̀, kò sì sí èyí tó ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Má-fọwọ́-kàn-mí dúró sórí èbúté, omi ń ro tótó lára rẹ̀, ó ní, "Bí ẹ bá tún rí ẹni tó jọ mí nínú nǹkan yìí, kì í ṣe èmi o." Gbogbo wọn mọ̀ pé ó ti wọ àkọsílẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Eléyín, tí kì í sọ tó gbólóhùn mẹ́ta nídìí oúnjẹ, gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "A máa ra èyí tó tóbi. Tó ní yàrá. Tí kálukú á ní ilẹ̀kùn tiẹ̀."

Màmá ní, "Tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀?"

"Tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, Mà."

"Tó ní kọ́kọ́rọ́?"

"Tó ní kọ́kọ́rọ́, Mà."

Màmá ní kí Ọlọ́run bù kún un. Gẹ́gẹ́ bí Akọ̀wé ti wí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láàárín ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹ má rò pé fáàrí ni Eléyín fẹ́ ṣe. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń wá. Ẹni tó ń fi gbogbo ọ̀sẹ̀ jókòó ti ẹnu méjìlá tí kò sọ̀rọ̀ rí, ó ti mọ adùn àlàáfíà, ó kàn fẹ́ kí ìdílé rẹ̀ náà tọ́ ọ wò.

Ọkọ̀ tuntun ju agbára wọn lọ, àlòkù ni wọ́n wá lọ. Àwa ará àdúgbò ò sì fi ìmọ̀ràn dù wọ́n. A ní kí wọ́n ṣọ́ra, pé irọ́ ni àwọn tó ń ta ọkọ̀ àlòkù fi ń jẹun àárọ̀. Dókítà sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà sọ bẹ́ẹ̀, èmi tí n kò ra kẹ̀kẹ́ ológeere rí. Akọ̀wé wá ra ìwé tuntun, ó kọ ìbéèrè mọ́kànlélógójì sínú rẹ̀. Ó béèrè nípa ẹ́ńjìnì, nípa ìpẹtà, nípa ẹni tó kọ́kọ́ ni ọkọ̀ àti ìdí tó fi tà á. Màmá ló ni ìbéèrè kẹsàn-án: ṣé ẹnikẹ́ni kú sínú rẹ̀ rí?

Ọkùnrin tó ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ wọ òrùka mẹ́rin, ó sì ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Eléyín kọ́kọ́ wo eyín rẹ̀, ó sì mi orí. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ wọlé, Bàbá! Ẹ wọlé, Ìyá! Ọkọ̀ yìí, bí ọmọge ló rí!" Òórùn ọ̀dà tuntun gba inú ọkọ̀ kan. Akọ̀wé béèrè ìbéèrè márùn-ún, "Kò sí wàhálà" ni ọkùnrin náà fi dáhùn márààrún. Ibi tí wọ́n ti ń ṣèyẹn ni Màmá ti fi ẹnu agbòjò rẹ̀ tẹ pákó ilẹ̀, agbòjò sì wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni tó wọ ilé ara rẹ̀. Wọ́n fa agbòjò yọ, wọ́n dágbére.

Ọkọ̀ kejì jẹ́ ti tọkọtaya kan tí wọ́n dákẹ́, tí wọ́n sì mọ́ tónítóní. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n fọwọ́ kàn án. Yàrá rẹ̀ pé, pákó rẹ̀ le, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ó gùn, ó sì rẹlẹ̀. Eléyín forí gbá ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó forí gbá ẹnu ọ̀nà yàrá, ó tún forí gbá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ṣí fìlà, ó wò ó, ó dé e padà.

Ó ní, "Èyí kúrú. Mi ò lè máa tẹrí ba nínú ọkọ̀ tí mo fowó ara mi rà."

Ọkùnrin tó ni ín ní, "Ó máa mọ́ yín lára, ọ̀gá. Ọkọ̀ tó bá rẹlẹ̀ ní àǹfààní tiẹ̀."

Kò sẹ́ni tó béèrè àǹfààní náà.

Ẹ̀kẹta ni wọ́n rà. Ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà kan létí adágún ni wọ́n so ó mọ́, ó funfun báláú, ó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Yàrá mẹ́ta, pálọ̀, ilé ìdáná tó ní fíríìjì. Màmá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí i, ó tún un tì, nígbà méje, ó sì jáde pẹ̀lú ojú ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ. Eléyín dúró láàárín pálọ̀ tòun ti fìlà, ó na ọwọ́ sókè, àyè ṣì kù. Màmá búra fún mi pé ó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ń pe ìyá tó ni ọkọ̀ náà, torí ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ní ilé ìwé. Ó jókòó, ó ká ọwọ́ lé orúnkún. Ó ní, "Ẹ béèrè, màá dáhùn. Mi ò ní fi kún un, mi ò sì ní yọ nínú ẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń sọ fáwọn ọmọ pé ohun tí wọ́n bá bi yín ni kí ẹ dáhùn." Akọ̀wé gbọ́ èyí, ó dà bíi pé ó pàdé ọmọ ìyá rẹ̀ tó ti sọnù. Wákàtí méjì ni wọ́n fi ṣe ìbéèrè mọ́kànlélógójì. Ṣé ẹ́ńjìnì ń jò? "Ó ń jò, díẹ̀, lápá òsì." Ṣé ẹnikẹ́ni kú sínú rẹ̀? "Ológbò kan." Màmá ronú díẹ̀, ó ní ológbò kò le. Ṣé ó ga tó kí ènìyàn dúró? "Ó ga."

Kíló-dé wá béèrè èyí tí kò sí nínú ìwé. "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, láti ojú omi títí dókè pátápátá, báwo ló ṣe ga tó?"

Ọ̀gá Tíṣà ní, "Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Mítà mẹ́ta àti sẹ̀ǹtímítà méjìdínlógójì."

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìkejìlélógójì. Eléyín fọwọ́ pa ọmọ lórí. Inú gbogbo wọn dùn pé ó ga.

Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, Akọ̀wé ní, "Obìnrin yẹn ò purọ́ kan fún wa."

Eléyín ní, "Kò pa ẹyọ kan."

Wọ́n sì kí ara wọn kú oríire pé wọ́n bọ́ lọ́wọ́ oníjìbìtì.

Èmi ni mo ra ọkọ̀ kékeré lọ́wọ́ wọn. Màmá fi tapólì ta mí lọ́rẹ, ó ní kí n lò ó lálàáfíà, kí n má sì kó ẹnikẹ́ni sábẹ́ rẹ̀.

Sátidé ni wọ́n lọ gbé ọkọ̀ ńlá wálé. Màmá ti pe gbogbo àdúgbò, láì sọ fún àna rẹ̀, pé ká wá pàdé wọn. A tò sórí èbúté bí ẹni ń retí gómìnà. Dókítà gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Nígbà tó yá, a gbọ́ fèrè ọkọ̀ láti òdìkejì afárá, a pàtẹ́wọ́. A tún gbọ́ fèrè. A tún pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ọwọ́ sì ń dùn wá.

Mo wọ ọkọ̀ kékeré, mo gba abẹ́ afárá lọ wò wọ́n. Ọkọ̀ funfun náà dúró síwájú afárá bí erin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé adìyẹ. Gbogbo wọn wà lókè rẹ̀, wọ́n gbójú sókè. Férémù irin kan wà lórí òrùlé ọkọ̀ náà, ó tẹ̀ bí òṣùmàrè, òun ni wọ́n so iná àti fèrè mọ́. Orí férémù yìí ni kò gba abẹ́ irin afárá.

Eléyín ní, "Télọ̀, ṣé tépù rẹ wà lọ́rùn rẹ?"

Ó wà lọ́rùn mi. Ìgbà wo ni kì í sí níbẹ̀? Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ìka mẹ́ta. Ẹni tó ń rí fọ́nrán irun nínú ẹnu ẹlẹ́nu, ìka mẹ́ta sá mọ́ ọn lójú.

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó sọ fún wa!"

Akọ̀wé ṣí ìwé. "Ìbéèrè kejìlélógójì. Láti ojú omi títí dókè pátápátá, báwo ló ṣe ga tó? Ìdáhùn: mítà mẹ́ta àti sẹ̀ǹtímítà méjìdínlógójì."

"Ìwọ lo kọ ọ́, o ò sì wí nǹkan kan!"

"Iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ ọ́. Èmi kọ́ ni adájọ́."

Màmá fi agbòjò tọ́ka sí ara afárá. Pátákó funfun kan wà níbẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ gíga afárá náà sí: mítà mẹ́ta àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Eléyín ní òun á wá ayùn, òun á gé férémù náà. Akọ̀wé ní òfin ojú omi ní iná gbọ́dọ̀ wà lókè. Eléyín ní kí wọ́n dá ọkọ̀ padà síbi tó ti wá. Akọ̀wé ní Ọ̀gá Tíṣà ti yá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ fún apẹja kan láti àárọ̀ yẹn, èbúté ìjọba tó wà létí adágún sì ti kún, ọdún mẹ́rin ni àwọn tó ń retí àyè níbẹ̀ ti ń retí.

Kíló-dé ní, "Dádì, ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí Dókítà wọ ọkọ̀ wa kékeré? Ṣé kò rì wálẹ̀ díẹ̀ ni?"

Wọ́n wo ọmọ. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wá wo èmi.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń fi ọkọ̀ kékeré kó ènìyàn lọ sínú ọkọ̀ ńlá nìyẹn, mẹ́ta mẹ́ta. Dókítà nìkan ni mo dá gbé, torí ènìyàn ńlá ni, ní ipò àti ní ara. Bí ẹnì kan bá ti wọlé, Eléyín á dọ̀bálẹ̀ sí etí ọkọ̀, á wo ibi tí omi dé, á ní, "Ó kù." A gbé ìyàwó oníbúrẹ́dì wọlé. "Ó kù." A gbé awakọ̀ takisí àti àbúrò rẹ̀. "Ó kù." Wọ́n fa omi kún táǹkì dé ẹnu. "Ó kù." Nígbà tí ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹnì kẹtàlá, wọlé, ó ní, "Ó kù díẹ̀," ó sì gbójú sókè wò mí. Mo so ọkọ̀ mi mọ́ ẹ̀yìn tiwọn, mo gun òkè, èmi ni mo di ẹnì kẹrìnlá. Ó ní, "Ó tó."

A wọ abẹ́ afárá ní jẹ́jẹ́. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bíbẹ̀rẹ̀ wa ò dín nǹkan kan kù nínú ìwúwo wa. Irin ha irin lókè bí ìgbà tí ṣíbí ń ha ìdí ìkòkò. Lẹ́yìn náà oòrùn là sí wa lójú, a ti jáde. Àwọn ọmọdé tó kù lórí èbúté hó yèè. Dókítà di mọ́ Eléyín.

Kíló-dé tún béèrè. "Báwo la ṣe máa jáde?"

Gbogbo wa yíjú padà wo afárá.

Bí wọ́n ṣe ń jáde nìyí, gbogbo Sátidé, láti ìgbà náà: àwa mẹ́rìnlá àti àwọn márùn-ún. Ọkọ̀ tí wọ́n rà kí ara má baà kan ara, kò lè lọ síbì kankan àfi tó bá kún. Dókítà máa ń sùn lórí ibùsùn Má-fọwọ́-kàn-mí, ó sì ń hanrun. Ìyàwó oníbúrẹ́dì gba ilé ìdáná. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lọ́rùn Màmá, òun ló ń fi fún wa bó ṣe tọ́ lójú rẹ̀, a sì máa ń tò. Bí Eléyín bá di sítíárìn mú, ìgbọ̀nwọ́ mi wà níhà rẹ̀ lápá ọ̀tún, ti awakọ̀ takisí wà lápá òsì, àwa méjèèjì ń sọ ibi tó yẹ kó gbà fún un.

Ó ní sùúrù. Ní Sátidé mẹ́ta àkọ́kọ́, kò bá wa sọ ju "Ó kù" àti "Ó tó" lọ. Ní ẹ̀kẹrin, Dókítà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ló ń ṣe pẹ̀lú eyín tí àwọn oníbàárà kò padà wá gbà. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti jọ ń ṣe fún ọdún mẹ́tàlélógún, ògiri kan ló wà láàárín wọn, kò bi í rí. Eléyín bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó sọ ti obìnrin kan tó wá gba eyín ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ ti kú, tó ní òun á gbé e sórí tábìlì, torí òun ò fẹ́ kí ọkọ òun lọ láì rẹ́rìn-ín. Ó sọ ti adájọ́ kan tí eyín rẹ̀ já bọ́ nígbà tó fẹ́ dá ẹjọ́. Akọ̀wé wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì. Má-fọwọ́-kàn-mí ń rẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ wà léjìká ìyàwó oníbúrẹ́dì, kò sì mọ̀.

Ìparí oṣù kẹjọ ni Ọ̀gá Tíṣà wá kí wọn nílé. Màmá ló sọ èyí fún mi, lọ́jọ́ tó gbé yèrì wá.

Ọ̀gá Tíṣà ní, "Mo máa ń rí yín lórí adágún ní Sátidé. Ṣé ìdílé yín ni gbogbo wọn?"

Eléyín ṣàlàyé, láti orí pátákó afárá títí dé orí Dókítà. Ọ̀gá Tíṣà gbọ́ ọ dópin, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò kàn mú férémù yẹn sùn sílẹ̀?"

"Ó ń sùn sílẹ̀?"

"Nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló dè é. Ọ̀dà ti bò wọ́n ni. Abẹ́ afárá yẹn náà lèmi ń gbà lọ ra nǹkan fún ogún ọdún."

"Ẹ ò sọ fún wa, Mà!"

"Ẹ ò béèrè."

Akọ̀wé kò tilẹ̀ ṣí ìwé. Ó mọ̀ pé wọn ò béèrè.

Lọ́jọ́ Tusidé tó tẹ̀ lé e, Eléyín gba àyè níbi iṣẹ́, Akọ̀wé náà gba tirẹ̀. Wọ́n ha ọ̀dà kúrò, wọ́n fi sípánà tú nọ́ọ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, férémù sùn sílẹ̀ bí ọmọ tó yó. Àwọn márùn-ún péré ni wọ́n wọ ọkọ̀. Wọ́n gba abẹ́ afárá, nǹkan kan ò ha nǹkan kan. Wọ́n dé àárín adágún, Eléyín pa ẹ́ńjìnì. Ìdákẹ́jẹ́ tó ti ń wá láti ọjọ́ òjò wá dé. Má-fọwọ́-kàn-mí wọ yàrá rẹ̀, ó tilẹ̀kùn. Kíló-dé wọ tirẹ̀, ó tilẹ̀kùn. Màmá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sí ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀, ó ní kò pẹ́ tí òun fi jáde, torí kò dùn. Akọ̀wé jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú ìwé, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni sọ tó lè kọ. Eléyín nìkan wà nídìí sítíárìn. Àyè wà lápá ọ̀tún, àyè wà lápá òsì.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe parọ́rọ́."

Akọ̀wé ní, "Mo rí i."

Wọ́n jẹ búrẹ́dì tí wọ́n gbé dání. Aago kan kò tíì lù tí wọ́n ti padà sílé. Nígbà tí wọ́n so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tán, Eléyín gun òkè, ó gbé férémù dìde, ó sì de nọ́ọ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kíkankíkan. Ìyàwó rẹ̀ ló bá a di àkàbà mú.

Màmá ní kí n má sọ fún ẹnì kankan, mo sì búra. Ṣùgbọ́n Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo rí i tí awakọ̀ takisí gbójú sókè wo férémù. Wọ́n ti ha ọ̀dà kúrò lára nọ́ọ̀tì, ẹ ò rí i, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń kọ mànà nínú oòrùn bí eyín wúrà. Ọmọ iṣẹ́ ọkọ̀ ni awakọ̀ takisí. Kò sí nọ́ọ̀tì tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó wò ó, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní afẹ́fẹ́ òní yìí dára o. Ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ náà wò ó. Dókítà wò ó pẹ́, ó sì béèrè lọ́wọ́ Eléyín bóyá kò tíì rí ọgbọ́n kan dá sí ọ̀rọ̀ afárá. Eléyín ní, "A ṣì ń wò ó." Dókítà ní kó má kánjú.

Ọdún kejì ni ìṣòro gidi dé. Dókítà mìíràn, ti ọkàn, sọ fún Dókítà wa pé tí kò bá dín sísanra kù, òun ò ní ọwọ́ nínú ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, ó ń jẹ ewé. Láàárín oṣù mẹ́ta ó ti di ìdajì ara rẹ̀. Gbogbo wa lórí èbúté ń kí i kú oríire, ojú wa sì rẹ̀wẹ̀sì. Sátidé àkọ́kọ́ tí a wọ ọkọ̀ lọ́dún náà, Eléyín dọ̀bálẹ̀, ó wo omi, ó ní, "Ó kù," kò sì sí ẹnì kankan lẹ́yìn mọ́.

Dókítà ò jẹ́ kó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá láti ìlú mìíràn, obìnrin tó jẹ́ pé kódà nígbà tí Dókítà sanra jù lọ, kò dé ìdajì rẹ̀. A gbé e wọlé pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ó tó," ni Eléyín wí, ayọ̀ sì kún ohùn rẹ̀. Obìnrin náà jókòó, ó nu òógùn, ó gbójú sókè láti wo afárá tó ń bọ̀, ojú rẹ̀ sì dúró lórí férémù.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀tì mẹ́fà tó wà lókè yẹn, kí ni wọ́n wà fún?"

Gbogbo wa gbójú sílẹ̀ wo ẹsẹ̀ wa. Kódà Kíló-dé dákẹ́. Màmá dìde, ó gé búrẹ́dì tó nípọn, ó fi bọ́tà lé e, ó gbé e lé obìnrin náà lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ jẹun, ẹ̀gbọ́n Dókítà. Ọ̀nà ṣì jìn."